Fọ́tò Ilẹ̀ Yín

Ìyàrá,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 1994.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Okun o. Mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ ní Kàdúná. Àgbàdo ti ń yọmọ, ṣùgbọ́n inú rírun Ìyá kò tíì lọ.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Nígbà tí mo gba ìwé àṣẹ ilẹ̀ yín, wolé-wolé kìlọ̀ pé kí n gbẹ́ gọ́tà, kí n sì fi koríko etí odò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ilẹ̀ náà mọ́ nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí yín, mo ní kí katapílà họ ọ́ dé etí omi. Òjò gbá yẹ̀pẹ̀ sínú odò tí gbogbo àdúgbò ti ń pọnmi. Omi yẹn ni Ìyá mu.

Babátọ́pẹ́ tó ń dáko lókè odò ni wọ́n dẹ́bi fún. Ó ní, "Ìwọ tó kàwé, bá mi bá wọn sọ̀rọ̀." Mo ní màá sọ̀rọ̀, mo sì dákẹ́. Irú èèyàn wo ni mí?

Kí lẹ́tà yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, màá ti jẹ́wọ́ níwájú àwọn àgbà. Wọ́n lè gba ilẹ̀ náà. Ẹ dárí jì mí, ẹ gbàdúrà fún Ìyá. Olúwa á ṣọ́ ilé yín.

Ẹ sọ pé fọ́tò náà wà lára ògiri pálọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́.

Àbúrò yín,
Andrew