Ọjọ́ Tí Mo Di Onígbèsè ní Báńkì Yín

Ojúlé Kejìdínlógún,
Òpópónà Suara,
Oko-Ọba, Agége,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1989.

Ọ̀gá Àgbà Tó Ń Rí sí Ẹ̀sùn Oníbàárà,
Báńkì Ìgbéga Oníṣòwò,
Olú-iléeṣẹ́, Marínà,
Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ OWÓ ÌTANRÀN TÍ Ẹ̀KA YÍN NÍ OPEBI YỌ, ÀTI ỌJỌ́ MÉJÌ TÍ WỌ́N KỌ SÍ GBÈSÈ KAN ṢOṢO

1. Èmi Làsísì Suara ni mo ń kọ̀wé yìí. Mo ń rọ páànù tí àwọn oníbúrẹ́dì Agége fi ń yan búrẹ́dì, láti ọdún 1961 ni mo sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó di ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí mo ti ní àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì ní ẹ̀ka yín tó wà ní Opebi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni akọ̀wé kan ti bá mi kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sanwó fún un, tí n kò sì rí èsì. Èyí ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ, ní èdè tí mo lè fi rojọ́ tẹnu mi.

2. Nígbà tí mo fẹ́ ṣí àkáǹtì náà, ìwé ìfowópamọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ mí, wọ́n ní owó mi á máa bí sí i. Mo ní rárá. Mùsùlùmí ni mí, n kì í jẹ èlé, n kì í sì í san án. Kọ́rẹ́ǹtì ni mo mú, nítorí wọ́n ní kò sí èlé níbẹ̀. Ẹ dákun, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ.

3. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú owó Mẹ́kà. Nínú ọdún wọ̀nyí ni ìjọba fòfin de àlìkámà, tí ìdajì àwọn oníbúrẹ́dì tí mo ń ṣiṣẹ́ fún ti ilẹ̀kùn wọn pa. Nínú rẹ̀ náà ni ètò ọrọ̀-ajé SAP dé, tí awẹ́ páànù kan tí mo ń rà ní náírà mẹ́jọ di náírà mẹ́rìndínlógójì. Mo ṣáà ń tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún yìí, Ọlọ́run gbà á, ó kàn mí, mo sì san owó ìrìnàjò náà tán. Bí wọ́n sì ṣe kọ́ wa nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni pé ẹni tó bá ń lọ sí Hájì gbọ́dọ̀ san gbogbo gbèsè ọrùn rẹ̀ kó tó gbéra. Igi gànǹgànràn má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìdí nìyí tí mo fi wá sí báńkì ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà láti mọ iye tí mo ní gan-an.

4. Akọ̀wé orí káńtà tó dá mi lóhùn ni Omidan Adébísọ́lá. Ó wo ìwé, ó kọ ₦4,862.35 sórí pépà, ó sì lu òǹtẹ̀ báńkì lé e. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yìí. Mo bi í bóyá ohun kan ṣì kù tí wọ́n máa yọ nínú rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Bàbá. Kò sí nǹkan mìíràn lórí rẹ̀." Mo dúpẹ́, mo lọ.

5. Mo kọ sọ̀wédowó mẹ́fà fún ẹni mẹ́fà tí mo jẹ lówó. Ìdí tí mo fi yan sọ̀wédowó dípò owó lọ́wọ́ ni pé kí ẹ̀rí wà nílẹ̀ tí n kò bá padà dé. Ọ̀kan nínú wọn ni ₦600 tí mo fún ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Ìbílọlá, ní Ọgbà. Bàbá rẹ̀ ló yá mi lówó ní ọdún 1962 tí mo fi ra àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé páànù títí dòní. Bàbá náà ti kú, ọmọ kò tilẹ̀ mọ̀ pé gbèsè kan wà. Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń wá a kí n tó rí i, ó sì jókòó sílẹ̀ sunkún nígbà tí mo fún un. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦4,850. Ó ku náírà méjìlá àti kọ́bọ̀ márùndínlógójì, mo sì fi í sílẹ̀ kí àkáǹtì má bàa ṣófo.

6. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà ni mo wọ ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí mo dúró ní Arafa, mo gbé ọwọ́ sókè, mo sọ fún Ẹlẹ́dàá mi pé mo fi ilé sílẹ̀ láìjẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ kan. Ohun tí mo sọ níbẹ̀ nìyẹn, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń purọ́.

7. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ, ọjọ́ kejì tí mo dé, àwọn èèyàn kún ilé mi. Mo ń bu omi sámúsámù fún wọn, ìyàwó mi Sùlíyá ń pín dàbínù. Òjíṣẹ́ báńkì yín wọlé, ó kọ̀ láti fi lẹ́tà sílẹ̀ àfi tí mo bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ó dúró láàárín àlejò, ó sì béèrè lóhùn rara pé ta ni Làsísì tó jẹ báńkì lówó nínú wa. Ààfáà Shuaib, tó kọ́ mi ní Kùránì, wà níbẹ̀. Ojú tì mí dé ibi tí n kò mọ bí mo ṣe fọwọ́ sí ìwé náà.

8. Mo gba Opebi lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀gá ẹ̀ka náà, Ọ̀gbẹ́ni Reuben Olúgbénró, ṣàlàyé fún mi pé àwọn yọ owó iṣẹ́ lórí sọ̀wédowó mi àti àwọn nǹkan mìíràn, ₦31.75, èyí tó mú kí àkáǹtì mi fi ₦19.40 jẹ gbèsè. Láti ìgbà náà ni owó ìtanràn náírà márùndínlọ́gbọ̀n ti ń wọlé lóṣooṣù, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ sí mi, àti èlé. Ó ní oníkálukú ló ni ojúṣe láti mójú tó àkáǹtì rẹ̀. N kò bá a jiyàn. Ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tó ti wúwo. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń rí owó iṣẹ́ yẹn ní ìparí oṣù, mo mọ̀ ọ́n, mo gbàgbé ni. Ọkàn mi ti dé Mẹ́kà kí ẹsẹ̀ mi tó kúrò l'Agége. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbé e. Ṣùgbọ́n mo béèrè, òǹtẹ̀ yín ló sì dá mi lóhùn.

9. Mo san ₦19.40 náà ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ. Mo rò pé ó parí. Wọ́n ní owó ìtanràn ni owó tí mo san wọ̀, gbèsè ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Lónìí, ₦125.10 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti san gbogbo ohun tó jẹ. Ó sú mi.

10. Èyí tó wá dùn mí jù rèé. Ìwé àkáǹtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní oṣù keje sọ pé ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà ni wọ́n yọ ₦31.75 náà. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án sọ pé ọjọ́ kejìlélógún ni. Ẹ̀dà méjèèjì wà nínú lẹ́tà yìí. Bó bá jẹ́ ọgbọ̀njọ́, mo ti fi ilé sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú, n kò jẹ ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kejìlélógún, onígbèsè ni mo jẹ́ nígbà tí mo wọ háráámì, aṣọ funfun Hájì. Nígbà tí mo béèrè, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró ní wọ́n fà á sẹ́yìn kí èlé lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí sọ̀wédowó tó gbẹ̀yìn kọjá ni. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣírò èlé ọjọ́ mẹ́jọ yẹn. Kọ́bọ̀ méjìlá ni. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ọjọ́ wo ló tún kàn yín? Ẹ ṣáà san owó."

11. Ààfáà Shuaib ti sọ fún mi pé Hájì mi pé, pé Ọlọ́run mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ti kọ Alájì sí pátákó iwájú ìsọ̀ mi kí n tó dé. Mo ti dojú rẹ̀ kọ ògiri. Mo sọ fún Sùlíyá pé kó ṣì máa pè mí ní Bàbá Hassanat bó ti ń pè mí tẹ́lẹ̀. Ó ń bi mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ṣé báńkì ti fèsì.

12. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ èlé kúrò lọ́rùn mi pátápátá. Ní ti owó ìtanràn, ẹ wo òǹtẹ̀ yín, kí ẹ sì ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n san án, màá san án. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé ńlá yín, kí ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ sọ ọjọ́ tó jẹ́ òótọ́. Bó bá jẹ́ èyí tó burú fún mi, ẹ má torí ojú àánú yí i padà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí, n kò ní ọdún mọ́kànlá mìíràn tí mo lè fi tọ́jú owó, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín tó ń retí èsì,

Làsísì Suara,
Alágbẹ̀dẹ Páànù Búrẹ́dì.

Àfikún: Bó bá jẹ́ ọgbọ̀njọ́ ni, ẹ dákun, ẹ kọ Alájì sí orúkọ mi lẹ́yìn àpò ìwé náà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kejìlélógún, ẹ kọ Làsísì nìkan. Ìyàwó mi ló máa ń gba lẹ́tà ní ẹnu ọ̀nà. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ó ti mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára pátákó.