Ohun Tí Mo Sọ Nípa Ìyá Mi ní St. Georg

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kìíní. Berlin

Màámi, òní ló pé ọjọ́ mọ́kàndínlógójì tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n ń gba àwa ajíhìnrere Mọ́mọ́nì láyè láti pe ilé. Aago méjì ọ̀sán. Ẹ máa ń gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Lónìí aago méjì lù, mo di fóònù mú bí òmùgọ̀. Mo gbé e sílẹ̀, mo mú ìwé yìí. Ibí ni n óò ti máa bá yín sọ̀rọ̀.

Òtútù ibí kò ṣeé ṣàlàyé fún ará Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta a tẹ aago ẹnu ọ̀nà káàkiri Märkisches Viertel—ilé alájà mẹ́rìndínlógún, orúkọ bí ọgọ́rùn-ún lára ògiri kan. Ohùn á jáde lára irin: "Kein Interesse." Wọn ò fẹ́. Ìka mi kú, ẹsẹ̀ mi kú. Bàbá arúgbó kan ṣoṣo ló ṣílẹ̀kùn. Ó rò pé àwa la wá tún Heizung ṣe, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná.

Wọ́n ti gbé mi lọ sí Hamburg. Ọjọ́rú ni n óò wọkọ̀.

Ọjọ́rú, 15 oṣù kìíní. Hamburg

Mo dé. Ọkọ̀ ojú irin pẹ́ ní wákàtí kan nítorí yìnyín. Alábàáṣiṣẹ́ mi tuntun ni Alàgbà Ezra, ọmọ Amẹ́ríkà, tó ga débi pé ó ń tẹrí ba kó tó wọ yàrá wa. Mo ti sọ ọ́ ní Òpó—nínú ọkàn mi. Ọmọ dáadáa ni. Ó ti gbọ́ nípa yín. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó sì lọ se ìrẹsì. Ìrẹsì náà jóná. Mo jẹ ẹ́ tán.

Òfin wa ni pé a kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú ara wa. Ibi tí mo bá wà, Òpó wà níbẹ̀. Ohun tí mo bá sọ, ó gbọ́. Àfi tí mo bá sọ Yorùbá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù kìíní

Àdúgbò St. Georg, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá. Ó dà bíi pé mo wọ ilé: gàrí, ẹja gbígbẹ, ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù lọ sí Èkó. A wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Nítorí òtútù ni, kì í ṣe nítorí ìhìnrere.

Màmá Adéọpẹ́ ló ni ín. Opó ni, ẹni bí ọgọ́ta ọdún, awò kan lójú, òmíràn lórí. Ó ń rán sùtánà funfun. Aládùúrà ni, bíi yín. Ìjọ wọn wà ní Billbrook, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Òun ni ìyá ìjọ níbẹ̀.

Ó ka káàdì tó wà láyà mi: Alàgbà Oyèbánjí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò. "Ìwọ ni alàgbà? Irùngbọ̀n dà? Alàgbà tí kóòtù rẹ̀ ń wá bọ́tìnnì." Lóòótọ́, ọ̀kan ti já. Ó ní kí n bọ́ kóòtù náà, ó rán bọ́tìnnì mọ́ ọn, kò gba nǹkan kan. "Èyí gígùn ńkọ́? Alàgbà lòun náà? Ní kó jókòó, kó má fọ́ gílóòbù mi."

Ó bi mí nípa yín. Mo ní ẹ ti kú. Ó dá ẹ̀rọ dúró. Ó béèrè ìjọ tí ẹ ń lọ, mo ní Aládùúrà. Ó ní, "Ṣé inú rẹ̀ wá dùn sí i pé o di Mọ́mọ́nì?"

Mo dá a lóhùn. Ó ti rẹ̀ mí. Lọ́la.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù kìíní

Màámi, ohun tí mo sọ rèé. Mo ní, "Inú rẹ̀ dùn, ma. Oṣù kan kó tó kú, ó ránṣẹ́ pe àwọn ará ìjọ wa ní Abẹ́òkúta, wọ́n rì í bọmi. Ó ní òun rí ìmọ́lẹ̀." Òpó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń mi orí bí ẹni pé ó gbọ́.

Ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà ìpè wa ìkẹyìn, ohun tí ẹ sọ ni: "Ọmọ mi, máa ṣe ìjọ tìrẹ, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n mo mọ àṣà yín. Tí mo bá kú, ẹ má ṣe rì mí bọmi lẹ́yìn mi o. Wọ́n ti rì mí lódò Ògùn lọ́dún tí mo pé ogún ọdún. Ó tó mi." Mo fi ẹ̀rín bò ó, mo ní ẹ kò ní í kú.

N kò mọ ìdí tí mo fi parọ́. Bóyá nítorí bọ́tìnnì yẹn. Bóyá mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ, létí ara mi, pé ọ̀dọ̀ mi lẹ wà.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù kìíní

Ọ̀rọ̀ náà ti rìn. Rónkẹ́ onídìrí dá mi dúró lójú ọ̀nà: "Ìwọ ni ọmọ ìyá Aládùúrà tó rí ìmọ́lẹ̀?" Oníbàárà rẹ̀ yọjú láti orí àga, ìdajì irun rẹ̀ ní dídì, ìdajì ní títú, kó lè rí mi. Àbáyọ̀mí tó ń kó ẹrù lọ sí Èkó náà ti gbọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Mo ti pa irọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Màmá Adéọpẹ́ ní kí a máa wá kọ́ òun lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú lòun ti ń bi Ọlọ́run pé ibo lọkọ òun wà, kò sí èsì kan tó tíì tẹ́ òun lọ́rùn. "Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ, tó gbó sínú sùtánà, bá lè kọjá, ta ni mo jẹ́ tí n óò dúró?"

Inú Òpó dùn, ó kọrin títí a fi délé. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kó má baà gbọ́ ẹkún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù kìíní

N kò sọ òótọ́ fún Màmá Adéọpẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù kìíní

Tí ẹ bá lè bínú níbi tí ẹ wà, ẹ bínú sí mi lónìí.

Ẹ mọ àṣà wa tí ẹ ń wí: alààyè a wọ omi ní orúkọ òkú. Tí òkú bá ti lé lọ́gbọ̀n ọjọ́, ọmọ rẹ̀ lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ilé ìjọ. Mo rò ó pé bí wọ́n bá rì yín bọmi, irọ́ mi ti di òótọ́ nìyẹn. Adéfúnkẹ́ Oyèbánjí. Ọjọ́ ìbí. Ọjọ́ ikú. Mo tẹ ibi tó kẹ́yìn. Òpó gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́, ó ní ìyá mi á yọ̀.

Mo gbé oúnjẹ alẹ́ mi fún Òpó.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù kejì

Màmá Adéọpẹ́ wá sí ìjọ wa. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láti bọ́ bàtà. Mo ní ma, àwa kì í bọ́ ọ. "Nínú ilé Ọlọ́run? Pẹ̀lú bàtà tó ti Hauptbahnhof bọ̀?" Ó wọlé, ṣùgbọ́n ó ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin.

Adéọpẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé e wá. Ó bi í lédè Jámánì pé, "Mama, bist du sicher?" Ṣé ó dá yín lójú? Ìyá rẹ̀ fi Yorùbá dáhùn: "Bi Alàgbà. Ìyá tirẹ̀ ṣe é." Ọmọ náà yíjú sí mi. Mo wo ilẹ̀.

Màmá Adéọpẹ́ ti sọ ọ́ fún Bàbá Jùmọ̀, olórí ìjọ wọn. Wọ́n ti gba àga ìyá ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀, àga iwájú tó ti jókòó sí fún ọdún méjìlélógún. Ó ní kò dun òun. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni ìrìbọmi rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kejì

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu dé ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà wà níbẹ̀. Mo dúpẹ́ pé oníbàárà wà níbẹ̀. Ojú tì mí pé mo dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kejì

Yìnyín, láti àárọ̀. Màmá Adéọpẹ́ ń rán aṣọ ìrìbọmi rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó bi mí: "Lọ́jọ́ tí wọ́n rì ìyá rẹ, ṣé ọwọ́ gígùn ló wọ̀ ni àbí kúkúrú? Mo fẹ́ rán tèmi bíi tirẹ̀."

Mo ní gígùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kejì

Mo sọ ọ́.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ṣọ́ọ̀bù ṣófo. Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín àjákù òwú. Òpó fò dìde, ó rò pé mo ṣubú. Mo ní, "Màmá, irọ́ ni mo pa. Ìyá mi kò ṣe ìrìbọmi wa. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ rì òun."

Ó ń lọ aṣọ náà lọ́wọ́. Kò gbé áyọ́ọ̀nù sókè títí òórùn aṣọ tó ń jó fi jáde. Ó wá ní, "Tún un sọ. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an." Mo tún un sọ: odò Ògùn, ogún ọdún, ó tó mi. Ó jókòó.

"Ó sọ ọ́ yé ọ tó báyìí. O wá lọ fi ọ̀rọ̀ mìíràn sí i lẹ́nu."

Bẹ́ẹ̀ ni, ma.

"Nígbà tí kò lè dá ọ lóhùn mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni, ma.

"Èmi ńkọ́? Ẹnu wo ni n óò fi wọ Billbrook?"

Ó yíjú sí Òpó, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ó ṣílẹ̀kùn fún wa. Kò bú mi. Ìbá bú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kejì

Kò sí ìrìbọmi. Omi ti kún adágún ìrìbọmi ilé ìjọ kí wọ́n tó gbọ́. Èmi àti Òpó la fà á dànù. Nígbà tí omi kù díẹ̀ nísàlẹ̀ ni ó dá iṣẹ́ dúró. Ó wá ní òun ń mi orí. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń parọ́ yẹn, òun ń mi orí.

Mo ti yọ orúkọ yín kúrò. Wọn kò tíì lò ó. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta kó lè dá mi lójú.

Mo pe Ààrẹ míṣọ̀n wa, olórí gbogbo àwa ajíhìnrere níbí. Ó ní òun yóò gbàdúrà sí i bóyá kí n máa lọ sílé. Kó tó dìgbà yẹn, kí n tún ohun tó bá ṣeé tún ṣe ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kejì

Billbrook. Ọkọ̀ àjàgbé nínú yìnyín, ilé ìkẹ́rùsí títì pa, lẹ́yìn náà orin. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Àtàǹpàkò Òpó yọ síta lára ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Màmá Adéọpẹ́ jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn. Kò wò wá.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Jùmọ̀ gbà mí láyè. Mo dúró níwájú gbogbo wọn, mo sọ ọ́. Ẹnì kan ní, "Ẹ wo alàgbà." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Jùmọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O sọ fún wa, ó dáa. Ṣùgbọ́n àwa kọ́ lo parọ́ fún. Ní St. Georg ni wọ́n ti ń fi ìyá rẹ wàásù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi obìnrin wa ṣe ẹlẹ́yà. Ibi tí irọ́ náà dé ni kó o lé e dé. Ìgbà tí òótọ́ bá dé etí mi láti ibẹ̀ ni n óò sọ̀rọ̀ àga." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Bí a ṣe ń wọ bàtà, Màmá Adéọpẹ́ ń kọjá. Ó béèrè orúkọ yín. Mo ní Adéfúnkẹ́. Ó ní, "Orúkọ rẹ̀ ni kó o máa kọ́kọ́ dá." Ó lọ.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kejì

Ọjọ́ ìsinmi wa ni. Òpó ló kọ́kọ́ wọ bàtà.

Rónkẹ́ dá irun dúró. "Ẹ tún ti wá wàásù?" Mo ní rárá, ma. Mo ní Adéfúnkẹ́ Oyèbánjí ni ìyá mi. Aládùúrà ló wà títí ó fi kú. Kò ṣe ìrìbọmi wa. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn, Màmá Adéọpẹ́ kò sì mọ̀. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ọmọ yìí ò nítìjú." Mo ní mo nítìjú, ma.

Àbáyọ̀mí ní òun ti kó tàkọ́kọ́ dé Èkó lórí WhatsApp, ta ni yóò kó o padà? Ó na fóònù sí mi lẹ́nu. Mo sọ ọ́ sínú rẹ̀. Mo kọsẹ̀ níbi orúkọ yín, ó ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀. Òpó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò mi orí.

Ṣọ́ọ̀bù méje ni mo dé. Mẹ́ta lé mi jáde. Ó ku òdìkejì ọ̀nà, láti ọ̀dọ̀ Mọ́nsúrù tó ń ta ẹran dé iwájú mọ́ṣáláṣí. Ààrẹ kò tíì pè. Lọ́la n óò tún lọ. Bó bá sì dá mi padà sílé, n óò máa sọ ọ́ ní Abẹ́òkúta. Màámi, n óò máa sọ ọ́ títí yóò fi dé gbogbo ibi tí irọ́ mi dé.