Bèbí Rọ́bà Ló Dá Mi Dúró

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Agbẹ̀bí ni mí nílé, ṣùgbọ́n ní ìlú òkèèrè tí mo bá ọkọ mi wá yìí, àfi kí n tún ìdánwò ṣe kí wọ́n tó gbà mí láyè láti gbẹ̀bí. Bèbí rọ́bà tó tóbi bí èèyàn ni wọ́n ní kí n gbẹ̀bí fún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi, torí pé mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ láì kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé èèyàn ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún mi.

Ọkọ mi ní, "Ṣebí kó o ṣáà bi í ni!" Àbí ẹ ò rí i? Tí mo bá ti wo ojú rọ́bà yẹn, ẹnu mi á kú.

Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ni mo ti ń nulẹ̀ báyìí. Lánàá, aboyún kan tó ń rọbí fa ọwọ́ mi sí ikùn rẹ̀: "Àǹtí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò." Mo já ọwọ́ mi gbà, mo sunkún wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹ̀yin ará, báwo lèèyàn ṣe ń bẹ rọ́bà?