Ẹnu Yín Ló Borí Iná

Ìyá mi àtàtà,

Ara mi le níbí ní Morelia, mo sì ń jẹun. Ère orí yín tí mo fi amọ̀ mọ fún ìdánwò fọ́ sínú iná lánàá. Ẹ má rẹ́rìn-ín: èmi ọmọ amọ̀kòkò ni mo ti ère tutù bọ iná. Mo ti ń di ẹrù láti máa bọ̀ wálé.

Olùkọ́ wa, Doña Hermelinda, tó ti ń gbẹ́ ère, tó sì ń kọ́ni láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, ṣa àfọ́kù náà. Ẹnu nìkan ló kù.

“Ta nìyí?”

“Ìyá mi ni, Maestra.”

“Ẹnu tó borí iná, ta ló máa pa á mọ́? Ère tèmi àkọ́kọ́, àfọ́kù wẹ́wẹ́ ni mo gbá dànù. Jókòó jàre, mọ ìyókù yí i ká.”

Mo ti tú ẹrù. Ẹ bá mi kí Bàbá. Kí àbúrò mi Eleuterio ya fọ́tò etí yín ránṣẹ́. Mi ò rántí bó ṣe rí mọ́.

Ọmọ yín,
Yunuén