Nọ́ńbà Náìn Tí Mo Fi Ọwọ́ Rán

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ. Ẹ kú àárọ̀ ni mo kàn fẹ́ sọ, torí pé àárọ̀ ni mò ń kọ ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo sì ti nu ẹ̀rọ yín kí n tó nu tèmi, bí ẹ ṣe máa ń fẹ́. Bẹ́ǹṣì yín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ń gba Bẹyẹrunká lọ sí Ọjà'ba ṣì ń sinmi lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó sí apá ọ̀tún tí ẹ máa ń wà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Èmi náà ò tíì jókòó síbẹ̀.

Bàbá, inú mi ò dùn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí n má máa yí i po. Tíìmù bọ́ọ̀lù tí ẹ fi sílẹ̀ lọ ti kó mi sí ìbànújẹ́, mi ò sì rí ẹlòmíì tí mo lè rò ó fún tó máa yé.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ yín ni àwọn àgbà àdúgbò pè mí, tí wọ́n ní èmi ni kí n gba ipò alága. Mo kọ̀, mo ní obìnrin ni mí, kí ni mo fẹ́ máa ṣe láàárín àwọn ọkùnrin tó ń pariwo. Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo ń bá yín rán jẹ́sì láti kékeré, ta ló tún mọ àwọn ọmọ yẹn jù mí lọ. Bó ṣe di pé wọ́n ń pè mí ní Ìyá Tíìmù nìyẹn o. Ẹ̀ bá wà ńbẹ̀, ẹ̀ bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ gbá pẹ́náritì? Ẹ ó kẹ̀yìn sí pápá, ẹ ó di ọwọ́ mi mú, ẹ ó ní kí n máa sọ ohun tí mo bá rí. Àgbàlagbà, alága! Ní báyìí, èmi náà ti ń kẹ̀yìn sí i. Ṣùgbọ́n mi ò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni dì mú.

Ọ̀rọ̀ ti Wàhídì ni mo fẹ́ sọ. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ àdúgbò Oníyanrìn tó ń wọ nọ́ńbà náìn, tí bọ́ọ̀lù máa ń wá kiri lórí pápá bí ọmọ tó ń wá ìyá ẹ̀ lọ́jà. Sáà tí ẹ lọ yẹn, òun nìkan ló gbé wa léjìká. Láti Bẹẹrẹ dé Màpó, orúkọ ẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń pe ara wọn tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì. Ni tíìmù kan láti òdìkejì ìlú bá bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sí i lára. Wàhídì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ò fẹ́ lọ, ó ní ilé òun nìyí, ṣùgbọ́n òun fẹ́ àdéhùn ọdún márùn-ún, irú èyí tí ẹ fún Múfú nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa. Owó oṣù gidi, tí a ó máa san bó gbá bọ́ọ̀lù, bí kò gbá.

Hàà, ariwo! Àlàájì alẹ́ran, akápò wa, kò gbà rárá. Ṣé ìjọba ni wá ni? Ọwọ́ àwọn alẹ́ran àti àwọn aláṣọ Gbági ni a ti ń tọrọ ohun tí a fi ń ra bọ́ọ̀lù. Wàhídì ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún. Lójú tiwọn, ọdún méjì péré ló kù lẹ́sẹ̀ ẹ̀, mẹ́ta tó kù, kí la ó máa san án fún? Àwọn yòókù náà ní tiwọn lẹ́nu: tó bá lọ, ta ló tún fẹ́ wá wòran wa? Wọ́n jà á títí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ara wọn lọ́rùn aṣọ.

Bọ̀dá Rájí pè láti Amẹ́ríkà, mo sì rò ó fún wọn. Ẹ rántí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi hàn yín lórí fóònù, tí ẹ máa ń béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ti ń gbá a tipẹ́? Bọ̀dá ní ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá lè fi igi gbá a fò kọjá ògiri jù, àwọn tíìmù á du ara wọn láti bá a ṣe àdéhùn ọdún mẹ́wàá, owó tí ẹnu ò lè sọ. Tó bá yá, ara ẹ̀ á wúwo, ojú ẹ̀ ò ní tètè rí bọ́ọ̀lù mọ́, á wá jókòó síbì kan, owó á ṣì máa wọlé, àwọn òǹwòran á sì máa bú u. Mo ní kí ló dé tí wọn ò ṣíwọ́. Bọ̀dá ní gbogbo wọn ló ń bẹ̀rù ọjọ́ tí ẹni yẹn máa gbá a fún ẹlòmíì.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí n sọ pé rárá, orúkọ Múfú ló ń dá. Ẹ̀yin lẹ kó wa sí i, Bàbá. Ẹ̀yin náà lẹ dá ọ̀rọ̀ òwú sílẹ̀. Ẹni tí a bá gbà fún sáà kan, abẹ́rẹ́ ọwọ́ lẹ fi ń rán nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn jẹ́sì ẹ̀, òwú gbọọrọ tí a lè fà yọ tí sáà bá parí, kí ẹlòmíì lè wọ jẹ́sì yẹn. Ẹni tí a bá bá ṣe àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́, ẹ̀rọ lẹ fi ń rán tiẹ̀. Ẹ ó lọ, ẹ ó bọ̀, ẹ ó tún lọ, pẹ̀lú píìnì lẹ́nu yín tí ẹ ó máa kùn wùn-ùn-wùn-ùn, títí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè tú u àfi tó bá ya aṣọ. Kò sí agbábọ́ọ̀lù wa tó ń gba jẹ́sì tí kì í kọ́kọ́ ti àtàǹpàkò bọ inú ẹ̀, kó fi wá ìdí nọ́ńbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ bí a ṣe fẹ́ wọn tó.

Ẹ̀rọ lẹ fi rán ti Múfú. Nígbà tó di ọdún kejì, orúnkún ẹ̀ yẹ̀ lórí pápá, kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí dòní. Wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ ò gbà, ẹ ní ẹnu iṣẹ́ wa ló wà tí orúnkún ẹ̀ fi bàjẹ́. Nígbà tí tíìmù ò san án mọ́, ẹ̀yin lẹ ń san án látinú aṣọ tí ẹ ń rán, Múfú á sì wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lórí bẹ́ǹṣì, á máa bá yín ṣa òwú kúrò lára aṣọ. Mo rò pé agbára yín ká a ni. Ẹ sì máa ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí a sin yín sẹ́yìnkùlé, Bọ̀dá Rájí ò tíì lè dé. Wọ́n ní kí ọkùnrin tó sún mọ́ yín bọ́ sínú kòtò, kó gbà yín. Kí ẹnikẹ́ni tó ta pútú, Múfú ti wà nísàlẹ̀. Pẹ̀lú orúnkún yẹn! Òun ló gbà yín, òun ló tẹ́ yín lé apá ọ̀tún, tó kọjú yín sí Gàbàsì. Nígbà tó ṣe tán, kò lè gòkè mọ́. Ńṣe ni wọ́n fà á jáde lọ́wọ́ méjèèjì, erùpẹ̀ yín sì wà lára ẹ̀ títí dé ojú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ṣí agolo abẹ́rẹ́ yín, mò ń wá abẹ́rẹ́ ńlá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ni mo bá ńbẹ̀. Ẹ ti fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo hóró ẹ̀ sí méjì méjì.

Bàbá! Ààbọ̀ lẹ̀ ń lò, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sì ń san odidi owó fún Múfú. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ìṣísẹ̀ méjì péré ló wà láàárín ẹ̀rọ yín àti tèmi. Ṣé irú ọmọ tí èèyàn ò lè sọ fún ni mí ni? Mo bínú sí yín débi pé mi ò lè sunkún. Mo di agolo náà pa, mo gbé e sídìí ẹ̀rọ, mo rán aṣọ ẹni ẹlẹ́ni títí ojú fi ń ro mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe. A ṣèpàdé lẹ́yìn ìrun Àsárì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Wọ́n pín sí méjì, gbogbo ojú sì wá wà lára mi. Mo rántí Múfú nínú kòtò. Mo rántí agolo abẹ́rẹ́. Agolo yẹn ló borí, Bàbá. Mo ní ọmọ tí mò ń tọ́, dókítà sì ti sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ríru yín wà lára èmi náà. Mi ò fẹ́ kú bí ẹ ṣe kú. Mo ní sáà kan ṣoṣo la ó fún Wàhídì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fi ọwọ́ rán nọ́ńbà náìn ẹ̀. Lẹ́yìn Jímọ̀ ló wá gbà á. Ó ti àtàǹpàkò bọ inú jẹ́sì, ó wá a, ó bá òwú ọwọ́. Kò bú mi o. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ó ká jẹ́sì náà dáadáa, ó gbé e sí apá ọ̀tún bẹ́ǹṣì yín, ó ní ó dàbọ̀, mà. Ó sì lọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn tíìmù òdìkejì ìlú yẹn ló lọ. Àwọn náà ò fún un ju sáà kan lọ, owó ẹ̀ ló kàn pọ̀ ju tiwa lọ díẹ̀. Sátidé tó kọjá, lórí pápá wọn, ẹnì kan já lù ú, egungun ojúgun ẹ̀ dá. Wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà, wọ́n gbé e wálé sí Oníyanrìn. Látìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tíì yọjú.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Wọ́n wá kí mi kú oríire. Àlàájì alẹ́ran fúnra wọn gbé itan ẹran wá, èyí tó dára, wọ́n ní mo gba tíìmù là. Wọ́n ní orí mi pé ju ti bàbá mi lọ. Mo dúpẹ́, mo gba ẹran náà, mo gbé e wọlé. Mi ò lè sè é. Níbẹ̀, nídìí ẹran yẹn, ni ẹkún yín tí mi ò tíì sun ti gbé mi. Mo ké, mo ké, àwọn ará ilé rò pé ẹlòmíì tún ti kú.

Mo ro ó dáadáa, Bàbá, ó sì rí bí mo ṣe rò ó. Kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn. Ká ní a fún un ní ọdún márùn-ún ni, ọrùn wa ni ì bá wà. Kí ló wá dé tó ń dùn mí báyìí? Ṣé bó ṣe dùn yín nìyẹn nígbà tí wọ́n ní kí ẹ fi Múfú sílẹ̀? Tí ẹ bá lè dá mi lóhùn ẹ̀ẹ̀kan péré, ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀.

Lánàá, mo mú jẹ́sì yẹn. Mo fa òwú ọwọ́ náà, ó sì já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ yín, tí mi ò tíì rán nǹkan kan lórí ẹ̀ látọjọ́ tí ẹ ti lọ. Mo lọ, mo bọ̀, mo tún lọ. Mo fi píìnì sẹ́nu, mo ń kùn wùn-ùn-wùn-ùn, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń ṣe é.

Mo gbé e lọ sí Oníyanrìn. Wàhídì wà lórí ẹní, wọ́n ti fi pátákó di ẹsẹ̀ ẹ̀. Múfú ni mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ kí ọmọ náà lè rí ẹ̀gbẹ́ yí sí. Ọjọ́ tó ti wà ńbẹ̀, mi ò béèrè. Mo fún Wàhídì ní jẹ́sì. Ó ti àtàǹpàkò bọ inú ẹ̀, ó wá ìdí nọ́ńbà náà yí ká, kò rí ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀. Ló bá kọjú sí ògiri. Èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo jókòó tì wọ́n díẹ̀, mo sì padà wá sílé.

Àlàájì ò tíì gbọ́. Tí wọ́n bá gbọ́, ariwo wọn á dé Gbági. Mo mọ̀ pé tíìmù ò ní san án, èmi ni mo rán an, èmi náà ni yóò san án. Iléyá ti ń sún mọ́lé. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba aṣọ ju èyí tí mo lè rán lọ.

Oògùn tèmi wà nínú agolo abẹ́rẹ́ yín, torí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti ń tètè tó o. Mo ṣí i láàárọ̀ yìí kí n tó jókòó kọ̀wé sí yín. Sísọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo wò ó fún ìgbà díẹ̀.

Odidi ni mo lò, Bàbá. Ẹ má bẹ̀rù. Lónìí, odidi ni mo lò.

Kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ kọ́ ní abẹ́rẹ́, tí kò tíì lè jókòó sí àyè yín.