Abọ́ Ìrẹsì Níwájú Àwòrán Mi

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú atẹ́gùn òkun. Ẹ sọ fún gbogbo ará Penghu pé Yueh-chiao yín ti di òṣèré ní Taipei. Èmi ni àkúdàáyà inú fíìmù náà: ọmọbìnrin tó kú láìlọ́kọ, tí bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà lórí pẹpẹ tí ìdílé ti ń gbé oúnjẹ fún àwọn òkú wọn, ló bá ń padà wá jókòó tì wọ́n nídìí oúnjẹ. Mi ò sọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ojú mi nìkan ti tó wọn.

Lánàá, wọ́n tan tùràrí síwájú àwòrán mi, wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹja tì í. Bí olùdarí ṣe ní ó tó báyìí ni mo fa abọ́ náà mọ́ra. Bàbá Hsiao, tó ń ṣe bàbá mi nínú fíìmù náà, ní, "Ìwọ ọmọ yìí, òkú wo ló ń jẹun báyìí?"

Mo ní, "Èyí tí kò fẹnu kan nǹkan látàárọ̀ ni, Bàbá."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ẹ máa ń bi mí pé bí mi ò bá lọ́kọ, ta ni yóò máa gbé oúnjẹ síwájú mi lẹ́yìn ikú. Ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti ń gbé e, ó sì máa ń gbóná.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé àga mi kúrò nídìí tábìlì.

Yueh-chiao yín