Igun Àpò Lẹ́tà Tí Ẹ Máa Ń Ya

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, inú sì ń bí mi sí yín. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n sítáǹpù tí ẹ kó jọ sílé ló fà á.

Ta ló ń fi ẹ̀kọ lẹ sítáǹpù, Bàbá? Ṣé kò sí gọ́ọ̀mù ní Bódìjà ni? Ẹ fi ẹ̀kọ lẹ ti Gánà mọ́ ti Ìlú Ọba, aáyán sì ti jẹ orí ọbabìnrin tán. Àwọn yòókù wà nínú páálí bàtà, nínú agolo bisikíìtì, kódà nínú àpò kóòtù tí ẹ máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo tò wọ́n ní orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, kò bára mu. Mo tún kó ẹyẹ sọ́tọ̀, mo kó òdòdó sọ́tọ̀. Tábìlì kún títí Màmá fi ń gbé abọ́ lé itan jẹun. Ṣọlá àbúrò mi ní ká pín wọn bí a ṣe pín aṣọ yín, ká da ìyókù nù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, bébà ni o! Àbí ẹ fẹ́ ṣí pósítọ́fíìsì ni?”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró di ọjọ́ Àìkú. Bí mi ò bá rí ohun tó so wọ́n pọ̀ nígbà náà, ká pín wọn.

Èyí tó bí mi nínú jù ni bí ẹ ṣe ń ya wọ́n. Ẹ kì í gé e. Ẹ ó gbé awò sójú, ẹ ó fa igun àpò lẹ́tà ya, tòun ti bébà rẹpẹtẹ tó yí sítáǹpù ká. Wúruwùru gbáà! Mo mú àlùmọ́gàjí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn kí wọ́n lè dọ́gba. Ìgbà tí mo ń gbálẹ̀ ni mo rí ohun tí mo ṣe. Ìdajì òǹtẹ̀ pósítọ́fíìsì tó ní orúkọ Ṣakí wà lórí sítáǹpù, ìdajì kejì wà nínú pàǹtí.

Mo sáré wo àwọn tí mi ò tíì gé. Ìsẹ́yìn. Ìgbòho. Òkèhò. Gbogbo ibi tí ẹ ti ṣe tíṣà kí ẹ tó wá sí Ìbàdàn, tí àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ sì ń kọ̀wé sí yín. Orúkọ ìlú lẹ ń kó jọ! Èyí tí ẹ kà sí, ẹ ò fi ẹ̀kọ kàn án. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni? Gbólóhùn kan ṣoṣo, Bàbá!

Ṣọlá kò sọ̀rọ̀ pípín mọ́. Òun gan-an ló rí i pé Ìgbẹ́tì kò sí níbẹ̀, Ìgbẹ́tì tí ẹ ti rí Màmá fẹ́. Màmá wò wá bí ẹni wo òmùgọ̀.

“Ta ni ì bá kọ̀wé láti Ìgbẹ́tì bí kò ṣe èmi? Ṣé kì í ṣe ilé yìí ni mo wà ni?”

Nítorí náà, èmi àti Màmá ń lọ sí Ìgbẹ́tì. Ibẹ̀ ni màá ti fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, orúkọ yín ni màá kọ sí i, àti àdírẹ́sì ilé wa ní Bódìjà. Bó bá dé, màá ya igun rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ya á. Mi ò ní mú àlùmọ́gàjí.

Èmi ni, ọmọ yín tó ṣì ń bínú, tó sì fẹ́ràn yín.